Onílù Tó Dá Ìlù Sílẹ̀ Ní Ìpín Nínú Orin

Ọ̀gá Olóòtú,

Nínú ìwé yín tó jáde kẹ́yìn, akọ̀ròyìn yín kan ní ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin ló ni ín, pé bí onílù bá ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Fẹlá ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí a fẹ́ràn rẹ̀ débi pé a kì í fẹ́ sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ní 1964 ni Tony Allen, onílù rẹ̀, dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní 1979 ló kúrò, ọ̀rọ̀ owó sì wà lára ohun tó lé e. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí òun àti Michael Veal jọ kọ, ó ṣàlàyé pé Fẹlá a máa sọ ohun tí onígìtá máa ta àti ohun tí afunfèrè máa fun, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ló ń dá ìlù tòun. Ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ tirẹ̀, wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn. Ẹ yọ ìlù yẹn kúrò nínú orin Zombie, kí ẹ wá gbọ́ ohun tó kù. Ṣé alágbàṣe lẹ fẹ́ pe ẹni tó ṣe ìyẹn?

Wọ́n ti dá irú ẹjọ́ yìí rí ní Ìlú Ọba. Matthew Fisher ló tẹ dùùrù inú A Whiter Shade of Pale ti Procol Harum ní 1967, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára àwọn tó ni orin. Ó pẹjọ́ ní 2005. Ní 2009, House of Lords fọwọ́ sí i pé ìpín 40 nínú 100 ohùn orin náà jẹ́ tirẹ̀, àmọ́ owó ọdún 38 tó ṣáájú ẹjọ́ náà gbé.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti kọ orin ni mò ń jà fún. Nígbà tí àwọn èèyàn Elvis Presley ní àfi káwọn gba ìdajì ẹ̀tọ́ I Will Always Love You kó tó kọ ọ́, Dolly Parton tó ni orin náà kọ̀, ó sì tọ̀nà. Kí ni Elvis fẹ́ fi kún un tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Òfin kọ́píráìtì wa ti 2022 fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí eré tó ṣe. Ó dáa, àmọ́ bí ẹlòmíì bá tún orin náà kọ lọ́la, ẹ̀tọ́ yẹn kò ní mú kọ́bọ̀ wá fún onílù tó dá a sílẹ̀. Kí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ olórin máa kọ ìpín oníkálùkù sílẹ̀, kí gbogbo wọn sì buwọ́ lù ú kí wọ́n tó kúrò ní sítúdíò.

Èmi òǹkàwé yín,
Mushin, Èkó.