Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà: Kíkó Ọmọ Ilé Ìwé Lọ sí Ojúde Ọba

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀ sí ẹskọ́ṣọ̀n. Ọmọ lè ka ìwé nípa ọdún Ojúde Ọba ti Ìjẹ̀bú-Òde ní kíláàsì ní Ìjagun, kí ó yege ìdánwò rẹ̀, kí ó má sì mọ̀ pé bí gángan bá dún nítòsí, àyà ènìyàn ni í kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Ìjẹ̀bú-Òde kò kúkú jìnnà sí Ìjagun; ọ̀nà àlọ-àbọ̀ ojoojúmọ́ ni. Ó yẹ kí ilé ìwé máa kó ọmọ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ìrìn-àjò tí olùkọ́ ò bá ti múra rẹ̀ láti kíláàsì, ìgbafẹ́ lásán ni.

Ọjọ́ kẹta Ìléyá ni Ojúde Ọba máa ń wáyé. Ìdúpẹ́ ni ó ti ṣẹ̀ wá: àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde a máa lọ síwájú ààfin láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba ìlú náà, tó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Nígbà tí jagunjagun ńlá kan, Balógun Kúkù, gba Ìsìláàmù ní ọdún 1902, ẹṣin àti ìlù àwọn jagunjagun bá ìdúpẹ́ náà wọlé, títí dòní ni àwọn ìdílé Balógun sì ń gun ẹṣin wá kí ọba. Ẹlẹ́ṣin á dé iwájú ọba, á fa ìjánu, ẹṣin á gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, eruku á sọ, ìbọn á dún. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n bí ní sáà kan náà, tọkùnrin tobìnrin. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wà lórí oyè Awùjalẹ̀ láti 1960 títí tó fi wàjà ní 2025, ló jí wọn dìde. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n jọ ń jó níbẹ̀ báyìí.

Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ yìí nìkan tó ẹ̀kọ́ Yorùbá odindi ọjọ́ kan. Kí olùkọ́ kọ Gbọ́baníyì, Bọ́bagùntẹ́ àti Bọ́bagbìmọ̀ sí pátákó, kí àwọn ọmọ wá ọba tó fara pamọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tú u: àwọn wo ló gbé ọba níyì, àwọn wo ló ń bá ọba gbìmọ̀? Ìṣirò náà wà níbẹ̀. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù náà ni. Ọmọ tó bá fi oṣù tó ń lé lójú ọ̀run wé kàlẹ́ńdà ara ògiri yóò fúnra rẹ̀ rí ìdí tí ọdún náà fi ń yára dé sí i lọ́dọọdún.

Àwọn kan ní kí ni a tún ń wá lọ, nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà lórí fóònù. Ohun tó wu ẹni tó ya fọ́nrán ni fóònù ń fi hàn: aṣọ, ẹwà, gbajúmọ̀. Kì í sábà fi onílù hàn, ẹni tó tẹjú mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè, tó mọ ìdílé rẹ̀, tó sì ti yí ohùn ìlù padà sí oríkì rẹ̀ kí onítọ̀hún tó dé iwájú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìnáwó àti ṣekárími ni ọmọ yóò kọ́ bọ̀. Bí olùkọ́ bá ti ṣàlàyé bí aṣọ òkè ṣe ń pẹ́ lórí òfì, iṣẹ́ ọwọ́ ni ọmọ yóò rí níbi tí ẹlòmíràn ti ń rí owó.

Àtakò tó le jù ni ti ewu. Ẹṣin lè ta, ìbọn ń dún, èrò pọ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ọmọ kíláàsì kìíní àti kejì kò gbọdọ̀ lọ lọ́jọ́ náà rárá. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ bá ń dánrawò ṣáájú ni kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ yìí lọ wò wọ́n. Ní ti àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ, àgbà kan sí ọmọ mẹ́wàá kò pọ̀ jù. Kí òbí ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, kí orúkọ ilé ìwé àti nọ́ńbà fóònù wà lọ́rùn ọmọ, kí omi wà, kí ibi ìjókòó jìnnà sí ọ̀nà ẹṣin, kí wọ́n sì ti wọ mọ́tò kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Kì í ṣe gbogbo ọdún ìbílẹ̀ ni ọmọ ń bá lọ. Àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún nínú ọdún Agẹmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní agbára àti ẹwà tiwọn, ṣùgbọ́n obìnrin kì í wò wọ́n bí wọ́n bá ń kọjá. Olùkọ́ tó ní ọmọbìnrin ní kíláàsì gbọ́dọ̀ mọ èyí ṣáájú.

Ohun tí ọmọ bá fojú rí a máa bá a dàgbà: Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1916, ti ń bá àwọn ẹléégún jó ní kékeré. Ó ṣe olùkọ́, ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣe ọlọ́pàá, kó tó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní 1945. Ìlù àti ijó tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́mọdé kò gbẹ́yìn lórí ìtàgé rẹ̀.

Ìjagun ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ìlú ò ní. Ibẹ̀ ni yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Tai Solarin pè wà. Ó di yunifásítì ní 2005, kíkọ́ olùkọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè dara pọ̀ mọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí àgbà má wọ̀n láàárín ọmọ.

Bí ilé ìwé bá wọlé padà, ẹni tí wọ́n ti yan ìlù fún láti máa wò yóò sọ ti ìlù, ẹni tí wọ́n yan ẹṣin fún yóò sọ ti ẹṣin. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pe màmá àgbà kan nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wá sí kíláàsì, kí ó jókòó, kí àwọn ọmọ bi í: ta ló ń sọ ẹgbẹ́ lórúkọ, ìgbà wo ni ti àwọn náà yóò kàn? Ìdáhùn rẹ̀ ni kí wọ́n kọ sínú ìwé wọn.