Ẹ Rẹ Àga Rẹ̀ Sílẹ̀ Ná

Ní ìsinmi tó kọjá, mo wà nínú ìsìn ìjọ kan ní Òkè-Ọ̀dàn nígbà tí wọ́n gba igi ìlù lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé róòlù rẹ̀ kì í bọ́ sójú ẹ̀. Bí àwọn akọrin bá fẹ́ wọ ègbè, á ró róòlù, á sì kọjá ibi tó yẹ kó ti dúró. Àwọn kan á ti gbé orin, àwọn kan á ṣì máa dúró dè é. Lẹ́yìn ìsìn, alàgbà tó ń bójú tó ẹgbẹ́ akọrin sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ọwọ́ ọmọ náà ò dáa, kó lọ máa lu agogo.

Nígbà tí èrò tú ká, mo lọ jókòó sídìí dúrọ́ọ̀mù náà. (Jáàsì ni àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń pè é. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju dúrọ́ọ̀mù lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.) Mo ga ju ọmọ yẹn lọ dáadáa, síbẹ̀ gìgísẹ̀ mi ò kanlẹ̀ lórí àga náà. Snare wà nísàlẹ̀ orúnkún mi. Tọ́ọ̀mù méjèèjì tó wà lókè dojú kọ ògiri, bí ẹni tó ń bínú. Èyí tó wà nílẹ̀ lápá ọ̀tún jìnnà débi pé mo ní láti tẹ̀ kí n tó kàn án. Mo béèrè ẹni tó tò ó báyẹn. Wọ́n ní bọ̀dá kan tó ga fíofío ni, ó ti kó lọ sí Èkó. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún un, torí owó ìjọ ni wọ́n fi rà á.

Èmi ò gbà pé ọwọ́ ọmọ yẹn ló burú. Ẹ wo onígángan ní òde ìnáwó èyíkéyìí ní Yewa. Kó tó lu ẹyọ kan, á kọ́kọ́ fa okùn tó fi gbé ìlù kọ́ èjìká títí ìlù á fi bọ́ sábẹ́ apá rẹ̀ gan-an. Á fún ọṣán wò, á gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé ó ń ba ìlù jẹ́. Kí ló dé tí ìlù òyìnbó wá di ohun mímọ́ tí a kì í fọwọ́ kàn?

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí a kì í rò. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù lè máa ki baba onílé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gúdúgúdú àti àwọn ìlù yòókù ló ń di ìlù mú fún un, ibi tó bá sì padà sí, á bá wọn níbẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù ò rí bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó jọ, nígbà tí William Ludwig sì ṣe pedal rẹ̀ jáde ní 1909, ó wá rọrùn fún ẹnì kan láti máa fi ẹsẹ̀ lu ìlù ńlá kó sì máa fi ọwọ́ lu ìyókù. Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta di ti ẹnì kan. Bí ọwọ́ bá wá kúrò lórí hi-hat lọ ró róòlù, ta ni gúdúgúdú? Ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lórí àga gíga ò ní nǹkan kan tó ń bá a ka iye. Ẹ̀yìn Tony Allen, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1940, tó lu ìlù fún Fẹlá, tó sì kú sí Paris ní 2020, ni mo ti rí èyí kedere jù. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń rìn káàkiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sọnù.

Nítorí náà, ẹ rẹ àga sílẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè kanlẹ̀, kí itan sì dà sísàlẹ̀ díẹ̀ láti ìbàdí sí orúnkún. Ẹ gbé snare sókè kó ju itan lọ díẹ̀. Ẹ sún tọ́ọ̀mù mọ́ra, ẹ dà á kọjú sí onílù, kí igi má baà máa fi imú gún awọ. Kí onílù di ojú rẹ̀, kó nawọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá bá láìtẹ̀, ẹ tún un sún.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kúrú. Ìlù ẹlẹ́sẹẹsẹ mẹ́rin gba igi 16 bí a bá ń lu mẹ́rin sí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan: mẹ́rin lórí snare, mẹ́rin lórí tọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá bẹ̀rẹ̀, òun náà ni yóò kọ́kọ́ dé orí ìlù tó kàn. Lu márùn-ún lórí ọ̀kan, òsì ló máa ṣíwájú, apá á sì kọ́ ara wọn. Ẹ fi metronome sí 60. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin gbáko ni róòlù náà máa gbà. Ó máa ń súni. Ẹ lù ú bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì máa fi ẹnu sọ ọ́: "Àwa ti dé, àwa ti dé," sílébù mẹ́rin sí ẹsẹ kan. Àwa tí a jókòó sí kíláàsì ìmọ̀ ìró mọ̀ pé sílébù Yorùbá kì í jẹ ara wọn run bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, ó dáa láti fi ka ìlù ju "one-e-and-a" tí wọ́n ń kọ́ wọn lọ.

Yíyí ohùn ìlù náà wà ńbẹ̀. Awọ tó dẹ̀ kì í ta igi padà, ọwọ́ á sì máa pẹ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yí ìdè kan, kí ẹ lọ sí èyí tó kọjú sí i, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ máa kan awọ létí ìdè kọ̀ọ̀kan títí ohùn wọn á fi dọ́gba. Níbi tí ìlù tọ́ọ̀mù bá ti pé mẹ́ta, mo máa ń yí wọn sí dò, rè, mí. Mo mọ̀ pé dúrọ́ọ̀mù ò lè di dùndún. Bí a bá pe "ìgbá", ohùn òkè yẹn máa ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ni, dùndún lè fún ọṣán kó yọ́ gòkè bẹ́ẹ̀, tọ́ọ̀mù á kàn fò ni. Ṣùgbọ́n "igba" àti "ìgbà" á yàtọ̀ síra. Ó sàn ju róòlù tí gbogbo wa ń ró, tó máa ń ti òkè ṣubú wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Àwọn kan á ní ìjọ kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ orin. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 2008, bí ṣaworo ẹsẹ̀ oníjó àti ìlù ò bá jọ parí, ará ilé wa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Etí wa ò di. A kàn ń dá ẹni tí kò jẹ̀bi lẹ́bi ni.

Mo lọ bá alàgbà náà nílé lálẹ́ ọjọ́ kejì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá ní Sátidé, kí n má sì tú ohun tí n kò lè dì padà. Kó tó di Sátidé, a ṣe ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Ọmọ náà lu agogo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò yẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.