Ẹ Má Tíì Tẹ̀ka: Ta Ni Yóò Dáhùn Bí Ẹ̀rọ Bá Ṣìṣe?

Ọ̀rọ̀ ìpàdé wa tó kọjá ni mo fẹ́ sọ, mo sì mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí i. Ṣùgbọ́n ilé ẹgbẹ́ ni. Bí a ò bá sọ ọ́ níbí, ibo la ó ti sọ ọ́?

Àwọn àlejò méjì wá bá wa, wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ohun tí àwọn mú wá: wọ́n á ya àwòrán àyà wa, wọ́n á ya ẹyinjú wa, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní IA, á wá sọ àìsàn tó wà lára kálukú kó tó ka ẹní dé ẹ̀wá. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni wọ́n mú ìwé jáde, ojú ìwé mẹ́ta, Faransé wínníwínní, pé kí alága tẹ̀ka sí i lórúkọ gbogbo wa, kí kálukú sì mú CIP rẹ̀ wá. Mo béèrè ìbéèrè kan péré: bí ẹ̀rọ yín bá sọ fún ìyá kan pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é, tí ikọ́ ẹ̀gbẹ wá pa á, ta la ó mú? Wọ́n wo ojú ara wọn. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ náà kì í sábà ṣìṣe. Mo ní kì í ṣe ohun tí mo béèrè nìyẹn.

Alága ní ká mú ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé tó ń bọ̀, ká dìbò. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń pè mí ní ọ̀tá ìlọsíwájú káàkiri Jonquet. Wọ́n ní ẹnu mi ló fẹ́ lé oore lọ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi kí ẹ tó dìbò.

Èmi ò bá ẹ̀rọ jà. Ta ni kò mọ bí a ṣe ń tò láti òwúrọ̀ kùtù nílé ìwòsàn kí dókítà tó rí wa? Dókítà ò tó, nọ́ọ̀sì ò tó, ẹni tó lè ka àwòrán àyà ò tó rárá. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, fọwọ́ sí i pé wọ́n lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ka àwòrán àyà láti wá ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọ̀rọ̀ OMS dópin. Wọ́n ní ẹni tó ti pé ọdún 15 sókè ni kí wọ́n lò ó fún. Wọ́n ní ṣe ni ẹ̀rọ kàn ń ṣà wá lẹ́ṣà, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń fi ìdí àìsàn náà múlẹ̀. Wọ́n sì ní ibi tí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ náà dé, kó fi àwọn èèyàn ibẹ̀ dán an wò kó tó mọ ibi tí òdiwọ̀n rẹ̀ máa wà. Ìwé àwọn àlejò wa kò dárúkọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àní wọ́n ní ká kó àwọn ọmọdé wa wá pẹ̀lú!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rọ kì í ṣe wòlíì. Ohun tí wọ́n bá fi kọ́ ọ ló mọ̀. Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń há mọ́ wa níka nígbà kòrónà, èyí tó ń wo bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ yẹn máa ń sọ pé ara dá nígbà tí atẹ́gùn ti ń tán nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ni iye ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú ju fún aláwọ̀ funfun lọ. Ẹ̀rọ yẹn kò sì ní ọgbọ́n àtọwọ́dá kankan nínú. Ìmọ́lẹ̀ lásán ló ń tàn gba awọ ara kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ lásán bá lè ṣi awọ wa mú, kí ni ká retí lọ́wọ́ èyí tí ẹni tó ṣe é pàápàá kò lè ṣàlàyé bó ṣe dé ibi tó dé?

Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ní 2019, Ziad Obermeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ òmíràn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ kan tó ń yan ẹni tó yẹ kí wọ́n fún ní àfikún ìtọ́jú. Owó tí wọ́n ti ná lórí aláìsàn ni ẹ̀rọ náà fi ń mọ ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù. Ẹni tí wọ́n náwó púpọ̀ lé lórí, òun ni àìsàn ń ṣe. Ẹni tí wọn ò náwó lé lórí, ara rẹ̀ le. Owó tí wọ́n ń ná lórí àwọn aláwọ̀ dúdú kéré, nítorí náà wọ́n ní láti ṣàìsàn jìnnà ju aláwọ̀ funfun lọ kí ẹ̀rọ tó kà wọ́n sí. Kò sẹ́ni tó jókòó pé òun fẹ́ ṣe ibi. Ìṣirò lásán ni. Ẹ wá mú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wá sí Jonquet. Ìyá tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Missèbo, tí kò wọ ilé ìwòsàn rí àfi ọjọ́ tó bímọ, òun ni ẹ̀rọ máa sọ pé ara rẹ̀ le jù ní gbogbo Cotonou!

Èdè wá ńkọ́? Àwọn àlejò ní ẹ̀rọ wọn gbọ́ Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ìyá àgbà máa sọ pé, "Orí ń fọ́ mi, ọkàn mi ń já, inú ń run mí, ara mi kàn ń ṣe mí ṣákálá." Àwa tó jókòó tì í mọ ohun tó sọ. Ṣé ẹ̀rọ mọ̀ pé orí tó ń fọ́ kì í ṣe orí tó là? Ṣé ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkàn tó ń já nítorí ìpayà àti èyí tó ń já nítorí àìsàn ọkàn? Bí ọmọ wa bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láìfi àmì sí i, ọkọ̀ àti ọkọ́ àti ọkọ kò yàtọ̀ mọ́. Ànàgó tí wọ́n ń sọ ní Kétu àti Pobè kì í sì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ò lè kọ́ ọ. Ta ló ti kọ́ ọ? Ta ló ti dán an wò lára wa? Kí wọ́n fi èsì rẹ̀ hàn wá.

Wọ́n á ní aláìní kì í ṣàṣàyàn, pé ohun tí a bá rí ká gbà á. Ẹ̀yin ará, òwò ọ̀rọ̀ yìí ti ná wa ní ẹ̀mí rí. Ní 1996, mẹ́nínjáítì ń pa èèyàn ní Kano. Ilé iṣẹ́ Pfizer gbé òògùn tuntun tó ń jẹ́ Trovan lọ síbẹ̀, wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba òògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Pfizer ní àìsàn ló pa wọ́n, kì í ṣe òògùn. Ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ náà tó bá Ìpínlẹ̀ Kano parí ọ̀rọ̀, mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ọdún mẹ́tàlá gbáko! Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n pe ìyẹn náà o.

Ẹ tún wo Rwanda. Láti 2016 ni Babyl, ọmọ ilé iṣẹ́ Babylon ti Lọ́ńdọ̀nù, ti ń fi fóònù tọ́jú èèyàn níbẹ̀. Ní 2020, wọ́n bá ìjọba Rwanda ṣàdéhùn ọdún mẹ́wàá. Èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ló forúkọ sílẹ̀. Ní 2023, Babylon wọ gbèsè ní Lọ́ńdọ̀nù, Babyl kógbá sílé ní Rwanda. Àdéhùn ọdún mẹ́wàá kò pé ọdún mẹ́rin. Bí àwọn tó wá bá wa bá kógbá sílé lọ́la, ibo ni àwòrán àyà wa máa wà? Ta ló máa rà á? Ẹ wo ìwé tí wọ́n ní ká tẹ̀ka sí dáadáa, kò dáhùn.

Ẹlòmíì á ní, "Ìjọba ń bẹ." Lóòótọ́, ìjọba ń bẹ, òfin sì ń bẹ. Code du numérique ti 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tí a kì í fi ṣeré, àjọ APDP ló sì ń ṣọ́ ọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà gba ètò orílẹ̀-èdè lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá wọlé, títí di 2027, ìlera sì wà nínú rẹ̀. Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà gba tiwọn wọlé ní oṣù keje ọdún 2024. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ètò kì í ṣe òfin, òfin tí ará àdúgbò kò sì mọ̀ kò lè gbèjà rẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣòfin tiwọn, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Wọ́n ka ọgbọ́n àtọwọ́dá tó wà nínú ẹ̀rọ ìṣègùn mọ́ èyí tí ewu rẹ̀ pọ̀, wọ́n ní èèyàn gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, kí ẹni tó ṣe é sì kọ ohun tó fi ṣe é sílẹ̀. Bí òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ bá ń bẹ̀rù rẹ̀ lára ọmọ tirẹ̀, kí ló dé tí àwa á fi dijú gbé e lé ọmọ tiwa lára?

Àwa ará Cotonou yẹ ká mọ̀ ju èyí lọ. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti ké gbàjarè sí gbogbo ayé lórí ayédèrú òògùn, ní 12 oṣù kẹwàá ọdún 2009, tí Jacques Chirac wá. Ẹ mọ Adjégounlè nínú ọjà Dantokpa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ra òògùn níbẹ̀ rí, nítorí pé kò wọ́n. Ní 2017, agbófinró wọ ibẹ̀, wọ́n kó òògùn jáde ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù. Ẹ̀kọ́ wo la kọ́? Pé òògùn tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, bó bá pọ́n, bó bá dán, májèlé lè jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń sọ ẹni tó yẹ kó gba òògùn àti ẹni tí kò yẹ kó gbà á, òògùn lòun náà. ABMed tó ń yẹ òògùn àti ohun èlò ìlera wò, kó yẹ òun náà wò. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn, kí ìjọba sọ iṣẹ́ ẹni tó jẹ́, ní gbangba, ká mọ ilẹ̀kùn tí a máa kàn.

OMS ti kọ ìlànà mẹ́fà sílẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2021. Mi ò ní ka gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa dúró lé lórí kó tó tẹ̀ka nìyí:

Ìkínní, kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn ní Yorùbá àti Fọ̀n pẹ̀lú Faransé, kí wọ́n sì kà á sí wa létí.

Ìkejì, kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn wá, ti àwọn tó ń ṣọ́ ìlera àti ti APDP.

Ìkẹta, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti dán ẹ̀rọ náà wò, irú àwọn èèyàn wo ni wọ́n fi dán an wò, àti iye ìgbà tó ṣìṣe.

Ìkẹrin, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ fọwọ́ sí gbogbo èsì. Ẹ̀rọ kò ṣeé mú lọ sílé ẹjọ́.

Ìkarùn-ún, kí wọ́n kọ ọ́ pé àwòrán àti ọ̀rọ̀ ìlera wa kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n pa tirẹ̀ rẹ́, kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹni tó kọ̀ láti mú CIP wá, kí wọ́n ṣì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹnì kan ti sọ fún mi pé bí a bá béèrè gbogbo èyí, wọ́n á kẹ́rù wọn lọ sí àdúgbò míì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Àlejò tó ń sá fún ìbéèrè márùn-ún, kí ló fẹ́ ṣe nínú àyà wa? Bó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, ká yára ránṣẹ́ sí àdúgbò kejì, kí àwọn náà béèrè.

Ẹ̀yin alága àti ìgbìmọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ò fẹ́ ibi fún wa, mo mọ̀. Àìsàn àwọn ará wa ló ń dùn yín, ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ wa tẹ̀ka sí ohun tí a ò lè kà. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ọjọ́ ìpàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró sílé. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà lọ́jà, ẹ pa ìsọ̀ dé fún wákàtí kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó gbọ́ Faransé, ẹ wá ka ìwé náà sí àwọn àgbà létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá dáhùn ìbéèrè márààrún, èmi tí ẹ ń pè ní ọ̀tá ìlọsíwájú yìí, èmi ni n ó kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù kí wọ́n ya àyà mi. Bí wọn ò bá dáhùn, ìbò mi ni: rárá.