Ẹ̀rín Tí Ìjọba Fòfin Dè: Ojú Tí Ó Yẹ Kí A Fi Wo Fíìmù Die Drei von der Tankstelle

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílámèyítọ́ ń fi ojú yẹpẹrẹ wo eré apanilẹ́rìn-ín, bí ẹni pé eré tí kò bá pani lẹ́kún kò lè kọ́ni lọ́gbọ́n. Fíìmù Die Drei von der Tankstelle, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ ‘Àwọn Mẹ́ta Ilé Epo’, fi hàn pé èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Wilhelm Thiele ni ó darí fíìmù náà fún ilé-iṣẹ́ Ufa ní ọdún 1930, nígbà tí ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú sinimá ilẹ̀ Jámánì. Erich Pommer ni olóòtú rẹ̀. Werner Richard Heymann ni ó ṣe orin rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ti ìrìn-àjò dé, wọ́n bá òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ tí ó ń lẹ òǹtẹ̀ mọ́ àga àti tábìlì wọn, nítorí pé báńkì wọn ti wọko gbèsè. Dípò kí wọ́n káwọ́ lérí, orin ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n ta ọkọ̀ wọn, wọ́n ṣí ilé epo sí ẹ̀bá títì. Omidan kan ṣoṣo, tí Lilian Harvey ṣe ipa rẹ̀, sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dẹnu ìfẹ́ kọ, láìjẹ́ pé ọ̀kan mọ̀ nípa èkejì.

Àwọn kan ní àlá lásán ni irú eré bẹ́ẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé owó àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó gbé àwọn ọ̀rẹ́ náà dé ipò ọ̀gá níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1930 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Berlin. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n dìbò tí ó gbé ẹgbẹ́ òṣèlú Násì láti orí ìjókòó 12 dé 107 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Ẹni tí ó rí òǹtẹ̀ ilé-ẹjọ́ lára àga nínú eré mọ ohun tí òun ń rín.

Nígbà tí Hitler gorí àlééfà ní ọdún 1933, Pommer, Thiele àti Heymann, tí wọ́n jẹ́ Júù, fi ìlú sílẹ̀. Kurt Gerron, tí ó ṣe agbẹjọ́rò nínú eré náà, ni wọ́n pa ní Auschwitz ní ọdún 1944. Ní ọdún 1937, ìjọba fòfin de fíìmù náà. Kì í ṣe ìtàn ilé epo ni ó bí wọn nínú, bí kò ṣe àwọn tí ó ṣe é: wọn kò fẹ́ kí ará ìlú rántí ọwọ́ tí ẹ̀rín wọn ti wá.

Nítorí náà, kí onílámèyítọ́ tó pe eré apanilẹ́rìn-ín ní ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè irú ìyà tí ẹ̀rín náà bò mọ́lẹ̀, àti ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà.