Ẹ Ka Ẹsẹ Kẹwàá Náà



Tí WAEC bá ti ń sún mọ́lé báyìí, kò sí ẹsẹ Bíbélì tá a máa ń rí tó Jeremáyà 29:11, níbi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí pé ọjọ́ ọ̀la àwọn èèyàn òun yóò dára. Ó wà lára èèpo ìwé wa, ó wà lórí WhatsApp.

Èmi náà fẹ́ràn ẹsẹ yẹn gan-an. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka ẹsẹ kẹwàá tó ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti sọ pé ó di ìgbà tí ọdún 70 bá pé kí òun tó mú wọn padà wálé. Ọdún 70 o! Lẹ́tà ni Jeremáyà kọ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì ti kó lọ sí Bábílónì. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó gbọ́ lẹ́tà náà á ti mọ̀ pé ojú àwọn kò ní rí ilé mọ́.

Wòlíì mìíràn wà nígbà náà tó ń jẹ́ Hananáyà. Òun ní ọdún 2 péré ni gbogbo rẹ̀ máa fi yanjú. Ó tiẹ̀ gba àjàgà igi tó wà lọ́rùn Jeremáyà, ó sì ṣẹ́ ẹ. Ta ni kò fẹ́ gbọ́ ire? Jeremáyà gan-an kọ́kọ́ ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ náà kò ṣẹ.

Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, oríṣiríṣi èèyàn ló wá sílé wa tí wọ́n ń sọ pé, "Kí oṣù yìí tó parí." Oṣù yẹn parí. Òmíràn tún parí. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí bàbá mi ṣẹ̀. Ìyẹn dun màmá mi ju owó tí kò sí lọ. Ewu àsọtẹ́lẹ̀ olójọ́ kúkúrú nìyẹn: tí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹni tó ń jìyà ni wọ́n máa di ẹ̀bi rù.

Jeremáyà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dáko, kí wọ́n fẹ́yàwó, kí wọ́n sì gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà. Lójú tèmi, ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run nìyẹn: ká ṣe iṣẹ́ òní, ká fi ọjọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bàbá mi ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá báyìí, ó sì ń gbàdúrà láràárọ̀ kó tó jáde. Ta ló máa sọ pé kò nígbàgbọ́?

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé ká má retí iṣẹ́ ìyanu mọ́ ni? Rárá o, ká máa retí. Ṣùgbọ́n ká rántí ọ̀nà tí ìrànlọ́wọ́ gbà dé ọ̀dọ̀ Jeremáyà nígbà tí wọ́n sọ ọ́ sínú kòtò ẹlẹ́rẹ̀. Ebedi-Méléékì ará Etiópíà kò wá sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ó lọ bẹ ọba, ó mú okùn wá, ó sì mú àkísà dání kí okùn má bàa dun abíyá Jeremáyà.

Àwọn kan wà ní kíláàsì wa tí wọn kì í wá déédéé mọ́ nítorí àìrówó. Tá a bá fẹ́ lọ sọ fún wọn pé yóò dára, ẹ jẹ́ ká mú nóòtì wa dání.