Igún Ara Igbá

Mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ láti ra igbá fínfín tí a ó gbé lọ síbi ìdáná ọmọ mi ọkùnrin. Ẹja, alángbá àti ẹyẹ kì í wọ́n lára igbá Ọ̀yọ́. Mo nawọ́ sí ẹyẹ kan, mo bi ọmọ afíngbá pé, "Kí nìyí?" Ó ní, "Tòlótòló ni, sà." Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Igún ni!

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ní kékeré mi, orí òrùlé ilé ìpẹran wa ni igún ń tò sí. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n run. Májèlé ń pa á. Àwọn oníṣègùn ń ra orí rẹ̀.

Ọ̀yọ́ yìí náà ni olú ilé-iṣẹ́ Old Oyo National Park wà, igbó ọba tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991. Wọn ì bá jẹ́ pe àwọn afíngbá, kí wọ́n fín àwọn ẹyẹ ilẹ̀ wa pẹ̀lú orúkọ wọn, kí wọ́n sì pín igbá náà fún àwọn ilé-ìwé títí dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo ra igbá onígún náà. Ìyàwó mi ní kò ní bá wa dé ilé àna láéláé. Pálọ̀ ni mo gbé e kọ́.