Ẹ̀ṣọ́ Tó Mọ Ojú Olè Kì Í Ṣe Aláìmọ̀yàtọ̀

Ní ọdún kejì wa, ìbéèrè kan jáde nínú ìdánwò: kí ni ìyàtọ̀ láàárín ààbò àbínibí tó wà lára wa àti ààbò tí ara ń kọ́ lẹ́yìn tó bá ti pàdé àrùn? Mo kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì ló ń dá ọ̀tá mọ̀, pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá a mọ̀ ló yàtọ̀. Báírò pupa ni wọ́n fi fa ìlà sí i. Ìdáhùn tí wọ́n ń fẹ́ ni pé ààbò àbínibí jẹ́ "non-specific", ìyẹn aláìmọ̀yàtọ̀, pé ohunkóhun tó bá ṣáà ti jẹ́ àjèjì ló ń lù. Àwọn tó kọ bẹ́ẹ̀ gba máàkì. Èmi gba òdo.

Ẹ má rò pé torí máàkì ni mo ṣe ń kọ èyí. Máàkì ti lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nínú ìwé tí wọ́n ń tà fún àwọn àbúrò wa, tí wọ́n sì ń há a sórí lálaalẹ́. Kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ púrótéènì kan ṣoṣo yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ló ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Flagellin ni púrótéènì tí wọ́n ń tò léra bíi búlọ́ọ̀kù láti fi kọ́ ìrù náà. Lára sẹ́ẹ̀lì tiwa, risẹ́pítọ̀ kan wà tó ń jẹ́ TLR5. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní ẹ̀ṣọ́. Láti 2001 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé flagellin ni ẹ̀ṣọ́ yìí ń dá mọ̀. Kì í ṣe gbogbo púrótéènì bakitéríà o. Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ara flagellin. Ibì kan pàtó ló ń dì mú, ibi tí flagellin kan ti ń so mọ́ èkejì kí ìrù tó lè dúró. Bí bakitéríà bá fẹ́ pa ibẹ̀ dà kí ẹ̀ṣọ́ má baà mọ̀ ọ́n, ó ṣeé ṣe kó má lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ̀yin ará mi, ṣé aláìmọ̀yàtọ̀ ló mọ ibi tí wọ́n ti ń gbá olè mú tí kò fi ní lè já?

Ẹ jẹ́ ká kúrò lára ènìyàn, ká lọ sí ara ewéko. Arabidopsis jẹ́ ewéko kékeré kan, ìbátan kábéèjì. Kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn káàkiri ara láti jagun. Síbẹ̀, ó ní ẹ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ FLS2, èyí tó ń dá flagellin kan náà mọ̀. Amino acid 22 péré lára flagellin ti tó fún un láti pariwo. Apá tí FLS2 ń dì mú kì í sì í ṣe apá tí TLR5 tiwa ń dì mú. Àwọn onímọ̀ gbà pé ńṣe ni ewéko àti ẹranko dá ọgbọ́n yìí dá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdílé méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì yan ẹ̀ṣọ́ fún olè kan náà.

Ẹnì kan á ní, "Kí ló kàn wá nínú ìyẹn?" Ó kàn wá púpọ̀. Bí o bá gbà pé ẹ̀ṣọ́ kò mọ ìyàtọ̀, wàá gbà pé ẹ̀ṣọ́ ẹranko kan kò yàtọ̀ sí ti òmíràn. Wàá wo eku nínú yàrá ìwádìí, wàá sì sọ pé ènìyàn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2007, wọ́n fi hàn pé amino acid kan ṣoṣo lára TLR5 lè mú kí ti eku àti ti ènìyàn yàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń dá flagellin mọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì eku, NAIP5 àti NAIP6 ń ṣọ́ flagellin, NAIP1 ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ tí bakitéríà fi ń gún sẹ́ẹ̀lì, NAIP2 sì ń ṣọ́ ọ̀pá inú rẹ̀. Àwa ènìyàn ńkọ́? NAIP kan péré la ní.

Àwọn bakitéríà pàápàá mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ń wo ojú. Helicobacter pylori, tó ń fa ọgbẹ́ inú, ti pa ibi tí TLR5 ń dì mú dà, ó sì tún àwọn ibòmíràn lára flagellin rẹ̀ ṣe kí ìrù rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ta ló ń pa ojú dà fún ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ ojú?

Àǹfààní wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀ náà. Àwọn ìbátan kábéèjì ní ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ EFR, tó ń dá púrótéènì bakitéríà mìíràn, EF-Tu, mọ̀. Tòmátì kò ní in. Ní 2010, Cyril Zipfel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn pé àwọ́n gbé EFR sínú tòmátì, ó sì túbọ̀ lè dúró níwájú Ralstonia, bakitéríà tó ń mú kí tòmátì rọ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ẹni tí wọ́n kọ́ pé ààbò àbínibí kò mọ ìyàtọ̀ kò lè ronú kan irú iṣẹ́ yìí láé. Kí ló fẹ́ gbé láti ibì kan lọ síbòmíràn, nígbà tó gbà pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn?

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wa máa sọ: pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni wá, ọ̀rọ̀ ní láti kọ́kọ́ rọrùn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn kò gbọdọ̀ jẹ́ irọ́. Ẹ kọ́ wọn báyìí: "Ààbò àbínibí ní ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ tí a bí mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì mọ ohun tó ń ṣọ́, èyí tí ara ń kọ́ lè dá ẹ̀ṣọ́ tuntun sílẹ̀ fún ọ̀tá tuntun." Èwo ló le nínú ìyẹn? Ẹ má sì sọ pé ìmọ̀ tuntun ni. Láti 2011 ni wọ́n ti fún Jules Hoffmann àti Bruce Beutler ní ẹ̀bùn Nobel lórí bí ààbò àbínibí ṣe ń jí dìde.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ sì ti ń kọ́ni báyìí, ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú ìwé yín kí sáà tuntun tó wọlé. Ẹ̀yin àbúrò, bí ìbéèrè yẹn bá tún jáde, ẹ kọ òtítọ́, kí ẹ sì dárúkọ TLR5 àti FLS2 sí i. Bí wọ́n bá fún yín ní òdo, ẹ wá mi wá. A ó jọ lọ bá wọn.